Kọ́là Tó Ń Wó Sápá Òsì

Ọdún tí mo parí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo kọ́kọ́ rí eré Atukọ̀ Sánmà lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìkìrun. Yàrá kún fọ́fọ́. Ojú gbogbo èèyàn wà lára ọkọ̀ tó ń fò láàrin ìràwọ̀, àwọn ọmọdé ń pariwo. Èmi ò wo ọkọ̀. Ọ̀gá atukọ̀ yí orí padà láti dá ọ̀kan nínú àwọn èèyàn rẹ̀ lóhùn, kọ́là aṣọ rẹ̀ kò sì mì. Ọrùn yí, kọ́là dúró bí ògiri. Mo bi ara mi pé kí ló wà nínú aṣọ yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kó sí i.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà, apá mẹ́rin ni wọ́n ti ṣe, ní èdè wa, nípa àwọn èèyàn kan tí wọ́n ń gbé nínú ọkọ̀ òfurufú tí wọn ò sì ní padà sáyé mọ́. Àwọn tó ń tukọ̀ ń wọ búlúù, àwọn oníṣègùn ń wọ funfun, àwọn tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ń wọ àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Kò sí bàájì tí wọ́n fi ń mọ ọ̀gá. Ìṣẹ́po ẹnu ọwọ́ aṣọ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: ẹyọ kan fún ọmọ iṣẹ́, méjì fún igbákejì, mẹ́ta fún ọ̀gá. Bọ́tìnnì kankan kò hàn. Ìkọ́ kéékèèké márùn-ún ló wà lábẹ́ aṣọ níwájú. Mẹ́fà ni wọ́n ní apá kìíní. Láti apá kejì ni wọ́n ti yọ èyí tó wà lókè pátápátá kúrò, mi ò sì tíì mọ ìdí rẹ̀ títí di òní.

Olùkọ́ ni mí. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níṣẹ́ télọ̀. Mo kọ́ ọ nípa dídá àwòrán dúró lójú fóònù. Kọ́ọ̀bù tánganran tí ọ̀gá atukọ̀ fi ń mumi, irú rẹ̀ wà lọ́jà Ìkìrun. Wọ́n kàn kùn ún ní àwọ̀ fàdákà ni. Mo ra ọ̀kan, mo wọ̀n ọ́n: ó ga ní íǹṣì mẹ́ta àti ìdámẹ́rin. Nígbà tí ọ̀gá atukọ̀ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, mo fi í mọ gíga kọ́là: íǹṣì méjì géérégé. Mo tún rí i pé èjìká òsì fi ìdajì íǹṣì rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, lára gbogbo aṣọ wọn, ẹni yòówù kó wọ̀ ọ́. Àwa tí a fẹ́ràn eré náà ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù. Ohun tí a gbà níbẹ̀ ni pé ẹrù ọkọ̀ ló tẹ èjìká yẹn wálẹ̀, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi bẹ́ẹ̀ sọ ìtàn ni. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, mo sì kọ ojú ewé mẹ́rin lé e lórí.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀gá tó ń darí eré náà rí àwòrán aṣọ kan tí mo rán. Ó ní télọ̀ àwọn ti kú, àwọn sì nílò aṣọ mẹ́rìnlá fún apá karùn-ún. Kí n kọ́kọ́ fi ẹyọ kan ránṣẹ́. Ìṣòro mi ni pé kọ́là mi kì í dúró. Láàrin wákàtí kan, á ti wó sápá òsì. Mo yí síteè, ìyẹn aṣọ líle tí à ń fi sínú kọ́là, padà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rán aṣọ méje, kọ́là méjèèje ló wó. Ọ̀gá náà pè mí: "Màdáámù, tí ò bá dúró di ọjọ́ Ajé, a máa ra èyí tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ní fákitírì o. Ẹ má bínú."

Ìgbà náà ni mo tó bi í pé níbo ni télọ̀ tó kú náà ń gbé. Ó ní Inísà ni, Bàbá Sékínà ni wọ́n ń pè é. Mo ní kó tún un sọ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wo aṣọ ọkùnrin náà lójú fóònù, tí mò ń fi kọ́ọ̀bù wọ̀n ọ́n, ibi tí kò tó ogún ìṣẹ́jú sílé mi ló sì jókòó sí nídìí máṣíìnì. Èkó ni mo rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń gbé.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo lọ. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo jáde, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe ìrun àsùbáà. Mo fẹ́ bá ìyàwó olóògbé kí àwọn àlejò tó kóra jọ. Ọyẹ́ mú gan-an. Mo gbé ọ̀kan nínú aṣọ méje náà dání nínú ọ̀rá. Ẹgbẹ̀ta náírà ni ọkọ̀ takisí láti Ìkìrun dé Inísà. Àwa mẹ́rin la wà lẹ́yìn, méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ọ̀nà náà dára níbi tó pọ̀, àfi àwọn kòtò kan tí dírẹ́bà mọ̀ dunjú, tó ń yà fún láìwo ilẹ̀.

Ó wo ọ̀rá ọwọ́ mi nínú gíláàsì. "Tíṣà, aṣọ ṣọ́jà wo nìyẹn?"

"Kì í ṣe ti ṣọ́jà. Aṣọ àwọn tó ń wakọ̀ lójú sánmà ni."

"Háà! Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá bẹntiróòlù wọn wọ́n tó tiwa."

Obìnrin kan lẹ́yìn ní, "Ìwọ wa èyí tó wà nílẹ̀ dáadáa ná." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín pẹ́.

Ní Inísà, mo ra àkàrà mẹ́ta àti ẹ̀kọ méjì ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Àkàrà ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Tiwa ní Ìkìrun a máa ki, a sì máa rí roboto. Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró, mo sì béèrè ilé Bàbá Sékínà télọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bi ló mú mi débẹ̀.

Ìyá Sékínà wà nínú opó. Gẹ́gẹ́ bí mùsùlùmí, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò fi wà nílé. Ó ti lo oṣù mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn kú àṣẹ̀yìndè, wọ́n sì ṣe àmín. Mo yọ aṣọ mi jáde. Wọ́n fọwọ́ pa á, ojú wọn yí padà.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ gbìyànjú," wọ́n ní. Wọn ò sọ pé ó dára.

Mo bèèrè bóyá aṣọ kan ṣẹ́kù lára èyí tí Bàbá rán fún eré náà. Wọ́n mí kanlẹ̀. Mọ́kànlá ló wà nínú àpótí nígbà tí Bàbá kú, àwọn oníṣẹ́ eré kò wá gbà wọ́n. Nígbà tí ọjọ́ ogójì pé, tí ẹbí pín ogún, wọ́n kà wọ́n mọ́ aṣọ olóògbé.

"Wọ́n pín in?"

"Wọ́n pín in. Ṣé èmi opó ni máa wá sọ pé kí wọ́n má pín in? Ọ̀kan wà ní Ìlọrin. Wọ́n ti gé méjì fún aṣọ ọmọ. Ọ̀kan wà lóko ní Ìgbàyè, wọ́n wọ̀ ọ́ fún igi kí ẹyẹ má baà jẹ àgbàdo." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì fi ìborí nu ojú. "Bàbá Sékínà ì bá bínú. Tàbí kó rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ èwo."

"Aṣọ ọ̀gá atukọ̀ ńkọ́, mà? Oníìṣẹ́po mẹ́ta?"

"Ìyẹn wà lọ́wọ́ ọkọ mi kékeré ní Òkukù." Bí obìnrin ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Gàníyù lorúkọ rẹ̀. "Wọ́n fi ilẹ̀ lọ̀ ọ́, wọ́n fi máṣíìnì lọ̀ ọ́. Ó ní aṣọ yẹn nìkan. Ẹ lọ bá a, ṣùgbọ́n ẹ rọra o."

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà ni mo fi wọkọ̀ dé Òkukù. Oòrùn ti mú kí ọyẹ́ fà sẹ́yìn díẹ̀. Mo ń ṣírò nínú ọkọ̀ náà bí mo ṣe máa ṣe é: kí n tú ẹ̀yìn kọ́là, íǹṣì mẹ́ta péré, kí n wo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí n sì rán an padà ní ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti kọ́kọ́ gbà. Mo mú bíléèdì tuntun dání.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní Gàníyù ti lọ kírun Jímọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Nígbà tí àwọn èèyàn ń ti mọ́sáláṣí bọ̀, mo rí i láàrin àwọn tó wọ agbádá àti jàlámíà. Ó wọ aṣọ ọ̀gá atukọ̀ lé ṣòkòtò funfun, ó dé fìlà. Àgbẹ̀ ni, ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́. Mo dìde láìmọ̀. Ìṣẹ́po mẹ́ta wà lẹ́nu ọwọ́. Kọ́là dúró.

Bàbá náà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ìyàwó wọn sì fún mi ní iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo sọ ohun tí mo bá wá. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin.

"Ẹ ò ní tú u," ni wọ́n sọ.

"Bàbá, íǹṣì mẹ́ta péré ni. Tí mo bá tún un rán, ẹ ò ní mọ̀."

"Màá mọ̀. Tíṣà, tí mo bá ní kí n la orí yín wo ìwé tó wà níbẹ̀, kí n sì rán an padà, ṣé ẹ máa gbà?"

Ìyàwó wọn fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní rárá, sà. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi téèpù wọ̀n ọ́n. Wọ́n ronú, wọ́n bọ́ aṣọ náà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, àwọn fúnra wọn sì di ẹnu téèpù mú.

Apá ọ̀tún kọ́là: íǹṣì méjì, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo dé apá òsì, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Íǹṣì méjì àbọ̀ ni. Nínú eré, rọ́bà tí wọ́n fi ń mí gba èjìká òsì kọjá, òun ló ń bo ìsàlẹ̀ kọ́là níbẹ̀. Mi ò rí i rí. Èjìká òsì fi ìdajì íǹṣì rẹlẹ̀, kọ́là òsì fi ìdajì íǹṣì ga, ìdí nìyẹn tí òkè rẹ̀ fi dọ́gba. Èmi rẹ èjìká sílẹ̀, mo wá gé kọ́là dọ́gba. Ó gbọ́dọ̀ wó.

Inú mi dùn débi pé mo sọ ohun tí kò yẹ. Mo ní, "Àbí Bàbá Sékínà ṣèèṣì gé e wọ́ ni, tó wá fi kọ́là tún un ṣe?"

Ojú wọn le. "Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣèèṣì nídìí aṣọ."

Aṣọ ni wọ́n kọjú sí sọ̀rọ̀.

"Ọ̀kadà ni mò ń gùn nígbà yẹn, mo gbé ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn. Òjò rọ̀, ó ní kí a dúró, mo ní a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Orí máṣíìnì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò fẹ́ kó já bọ́, kò fọwọ́ di nǹkan kan mú. A ṣubú. Èmi ò fara pa. Egungun èjìká òsì tirẹ̀ kán. Wọ́n tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n kò padà sókè mọ́." Wọ́n fi ìka tẹ èjìká aṣọ náà. "Kò lówó ère tí wọ́n fi ń wọn aṣọ. Ara rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ fún, níwájú dígí. Á wá fi àyà àti gígùn rẹ̀ bá olúkálùkù mu. Èjìká, kì í fọwọ́ kàn án. Kò bá mi wí rí, Tíṣà. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò bá mi wí."

Ojú ewé mẹ́rin tí mo kọ nípa ẹrù ọkọ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ojú tì mí.

"Ẹ máa tọ́ ọ, àbí?" ni wọ́n bi mí. "Àwọn òṣèré yín tuntun, èjìká wọn gún."

Kò tíì wá sí mi lọ́kàn títí wọ́n fi bèèrè. Mo ní, "Rárá, sà. Bó ṣe wà ló máa wà."

Wọn ò dúpẹ́. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n wọ aṣọ mi, òtútù ń mú mi."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé Ìkìrun. Ọ̀nà náà kò jìn, ohun tó sì kọ́ mi kò ju èyí lọ: mo ti mọ iye ìkọ́ tó wà lábẹ́ aṣọ kí n tó bèèrè ẹni tó rán wọn, nígbà tí mo sì bèèrè, ó ti pẹ́ jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo gé aṣọ kẹjọ. Ọjọ́ Àìkú, mo wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa láti aago mẹ́jọ, wọ́n sì wò mí títí. Mi ò bọ́ ọ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kọ́là dúró.

Ọ̀gá eré pè mí nígbà tí aṣọ dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. "Màdáámù, ó dúró o! Ṣùgbọ́n èjìká òsì yìí wọ́. Ẹ bá wa tọ́ ọ nínú àwọn tó kù."

Mo ní mi ò ní tọ́ ọ. Mo ní bí ó ṣe rí ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn, àti pé tí wọ́n bá fẹ́ èyí tó gún, kí wọ́n lọ sí fákitírì. Ó wá ní, "Ẹ rán an bẹ́ẹ̀."

Títí di àárọ̀ òní, mo ti rán mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlá. Mẹ́jọ dúró nígbà àkọ́kọ́. Mo ní láti tú ìkẹfà, nítorí mo gbàgbé, mo gé kọ́là rẹ̀ dọ́gba. Mo tún un gé ní íǹṣì méjì lọ́tùn-ún, méjì àbọ̀ lósì, òun náà sì ti dúró.