Ẹ́ńjìnnì Inú Àgbá

Lánàá, ní etí omi Ìkòròdú, ọkọ̀ tí mo wọ̀ kàn ń pariwo, kò lọ. Awakọ̀ gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè, òórùn pẹtiróò tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì sì gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlá.

Ìlá kò ní omi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè rìn lórí rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi, tó ń wa ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó, gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wálé, inú àgbá tí ìyá àgbà fi ń gbe omi òjò ló gbé ìdí rẹ̀ sí. Ó fa okùn, ẹ́ńjìnnì dún, ṣùgbọ́n fáànù ìdí rẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ síwájú kò yí.

Bàbá mi ní, "Píìnì tó dì í mú ló ṣẹ́."

Mo sáré mú ìṣó tó nípọn wá. Bàbá mi rẹ́rìn-ín.

"Èyí ti le jù. Bí fáànù bá kọ lu kùkùté, píìnì ló yẹ kó ṣẹ́, kí ẹ́ńjìnnì lè yè."

Ó gé idẹ tín-ínrín kan, ó tì í bọ inú ihò píìnì náà, ó tún fa okùn. Omi ru sókè, ó ta sí wa lára. Mo ń fò, mo ń pàtẹ́wọ́.

Ìyá àgbà nu ojú. "O ṣe é o. Ọkọ̀ ọ̀hún wá dà?"

Bàbá mi pa ẹ́ńjìnnì, ó gbé e jáde nínú àgbá. "Ó wà l'Ékòó, Ìyá mi."

Mo ti di abiyamọ kí n tó gbọ́ pé ọkọ̀ náà ti rì kí bàbá mi tó wálé.

Lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu fáànù náà, bí ẹni ń nu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.