Ibi Tí Mo Fi Ìyá Ìyàwó Mi Sí Nínú Jíìpù

Lọ́dún tí mo ra jíìpù kékeré aláwọ̀ eérú kan, tòkúnbọ̀ ni, gbogbo àdúgbò wa ní Gidan Igwai, ní Sókótó, ló bá mi yọ̀. Háúsá tó ń gbé ilé kejì sí tiwa fọwọ́ gbá a níwájú, ó ní, "Madalla! Allah ya sa alheri." Ó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fi oore sí i. Èmi náà ń dáhùn "Amin, amin" bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Mọ́tò tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ a máa rì sínú iyanrìn ọ̀nà ilé wa títí dé ikùn, àwọn èèyàn á wá bá mi tì í, wọ́n á sì fi mí ṣẹ̀sín. Jíìpù yìí kò tilẹ̀ mọ̀ pé iyanrìn wà nílẹ̀. Ó ga, ó pọn táyà ìfidípò rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ. Bí oòrùn Sókótó bá ń ta bí ata, tí mo bá ti gbé gíláàsì sókè, tí mo tan ẹ̀rọ amúlétutù, mi ò mọ ẹni tó jù mí lọ mọ́.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Wọ́n wá láti Ìlọrin láti bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Obìnrin gíga ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn gùn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò pọ̀. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ lásán, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọmọ wọn kò ṣìnà nígbà tó yàn mí.

Mo wá ṣòfin. Bí a bá ń jáde, ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni ti Màmá, níbi tí àwọn ọ̀gá ńláńlá ń jókòó sí. Èmi fúnra mi ni mò ń ṣílẹ̀kùn fún wọn, èmi náà ni mò ń tì í. Ìyàwó mi á jókòó níwájú, á sún ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn dáadáa kó lè ráyè fún ọmọ lọ́mú. Ta ni yóò gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó ti ara rẹ̀ bí ẹgbẹ́? Bí mo bá béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ jókòó dáadáa?" wọ́n á ní, "Alihamdulilahi, ọkọ mi. Ibí dára."

Ọjọọjọ́ Àìkú ni mò ń gbé wọn lọ sí àsàlátù àwọn obìnrin Ìlọrin ní Mabera. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Lọ́jọ́ kan, orí ń fọ́ wọn díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n sinmi, mo ti ṣiṣẹ́ jù. Mo gbà wọ́n gbọ́, àfi ìgbà tí mo lọ ra nǹkan ní Kofar Marke lọ́sàn-án Àìkú kan. Takisí kan ń bọ̀, ó ń dún gbọ̀ngàngbọ̀ngàn, okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀. Ta ni mo rí níwájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà? Màmá ni. Wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ìborùn wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ohun tí mo fẹ́ rà. Jíìpù mi wà nílẹ̀, wọ́n lọ wọ pálapàla yẹn! Mo ní lọ́kàn mi pé tòkúnbọ̀ olùkọ́ kò tó wọn ni, wọ́n ń fojú di mọ́tò mi. Láti ọjọ́ náà ni ìkíni mi ti dínkù. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja ni. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba díẹ̀ bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì tó jábọ́, màá sọ pé "Ẹ káàárọ̀, Màmá," mo ti lọ nìyẹn. Wọn kò sì dín àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún mi kù.

Kò pẹ́, ìyàwó mi ní Màmá fẹ́ máa lọ sílé kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì. Ìlérí mi tẹ́lẹ̀ ni pé èmi ni màá fi jíìpù gbé wọn dé Ìlọrin. Mo ní, "Kí wọ́n máa wọ bọ́ọ̀sì wọn lọ nù un." Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni ibà gbé mi ṣánlẹ̀. Ìyàwó mi fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá, ó ní òun á wa mọ́tò gbé mi lọ sí ọsibítù. Mo ní kí n lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀yìn náà kò gbà mí dùbúlẹ̀, mo bá jókòó sápá ọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: láti ìgbà tí mo ti ra mọ́tò yẹn, mi ò jókòó sẹ́yìn rẹ̀ rí. Orúnkún mi kan ìjókòó iwájú gbọn-in. Mo yí síbí, mo yí sọ́hùn-ún, kò sáyè. A bọ́ sí kòtò kan, gbogbo egungun ìdí mi ló dáhùn. Atẹ́gùn tútù tí mo fi ń ṣe fáàrí kò kọjá ìjókòó iwájú, òógùn ń bò mí. Mo sorí kọ́, mo wá rí i: lára ẹ̀yìn ìjókòó tó wà níwájú mi, ojú méjì rìbìtì ti họ, wọ́n ń dán. Wọ́n ga díẹ̀ ju ibi tí orúnkún tèmi dé lọ.

Mo ní, "Orúnkún Màmá ń kọ́?"

Ìyàwó mi ní, "Ó ń wú. Aṣọ àti omi gbígbóná ni mo máa ń fi lé e fún wọn bí wọ́n bá ti jáde bọ̀. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín. Wọ́n ní èèyàn kì í jókòó sórí ọ̀wọ̀ tí àna fún un, kó tún máa ráhùn."

Ibà yẹn kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tó fi ọmọ rẹ̀ fún mi, mo ti ń há a mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò lọ́jọọjọ́ Àìkú, mo sì ń retí ọpẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, mo ní kí ìyàwó mi gbé ọmọ lọ sẹ́yìn. Mo sún ìjókòó iwájú sẹ́yìn títí tó fi kọ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn níwájú Màmá.

"Ẹ dìde, ẹ ń ba aṣọ yín jẹ́," Màmá ní. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, Màmá. Mo jókòó síbẹ̀ ni."

Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì wọ mọ́tò níwájú. Wọ́n na ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ sí wọn lójú, wọ́n ní, "Hàà, ibí yìí ni gbogbo atẹ́gùn náà wà." Láti ilé wa dé gáréèjì kò jìnnà, mo sì rọra ń wa mọ́tò bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ní gáréèjì, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n gbé wọn dé Ìlọrin. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ẹrù ti wọ bọ́ọ̀sì, àti pé kí n lọ tọ́jú ara mi, ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sílẹ̀ ni. Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, ọkọ mi. Èmi náà ni ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí, kí ẹ má lọ rò pé mo ń fojú di mọ́tò yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè rò bẹ́ẹ̀ sí mi láé."

Mo ní, "Rárá, Màmá." Mi ò lè wò wọ́n lójú.