Ohùn Euphrasie Lórí Àpáta

Ní abúlé kan lọ́nà Akofodjoulè, bí oúnjẹ ọ̀sán bá jinná, àwọn obìnrin yòókù a máa rán ọmọ lọ pe ọkọ wọn lóko. Euphrasie kì í rán ẹnikẹ́ni. Á gun àpáta tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, á sì ké sí ọkọ rẹ̀: "Cyprien o! Cyprien!" Ohùn náà á kọjá àfonífojì, á kan òkè kejì. Cyprien á gbé ọkọ́ lé èjìká. Àwọn tó ń kọ ebè iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà á gbé tiwọn.

Àìsàn ìgbóná, ìyẹn ṣọ̀pọ̀ná, ti pa Léon, ọmọ wọn àkọ́kọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kú, Euphrasie ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Fún oṣù mẹ́ta gbáko kò gun àpáta mọ́. Ó ní gbogbo igbe tó wà nínú òun ló ti tán. Ṣùgbọ́n ebi ń pa Cyprien lóko, kò sì fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tí Euphrasie rí bó ṣe ń rù, ó tún gun àpáta.

Ní ọdún 1967, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mọ́tò àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná dé. Zéphirin, ọmọ Savè, ni olórí wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó sì ń kánjú. Bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gún ṣe figbe bọnu, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn.

"Ẹ dúró!" ni Zéphirin ké mọ́ wọn. "Ẹni tó bá sá, màá fi ọlọ́pàá mú un!"

Kíá ni wọ́n fọ́n ká. Wọ́n gun òkè lọ sínú ihò àpáta tí àwọn baba ńlá wọn máa ń sá sí nígbà ogun. Nínú àwọn ìyá àti ọmọ, Euphrasie àti Claudine ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù lábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́. Ó na apá ọmọ náà, ó na tirẹ̀, wọ́n gún àwọn méjèèjì.

Zéphirin ń palẹ̀ ẹrù mọ́. "Mo pè wọ́n, wọ́n kọ̀."

"Dókítà, ẹ ò pè wọ́n," ni Euphrasie wí. "Ẹ ké mọ́ wọn ni. Ẹni tí a bá ké mọ́, sísá ló kù fún un. Ẹ jẹ́ kí n ké sí wọn."

Bàbá Ignace, tó ń lu agogo kéde nílùú, mi orí. "Obìnrin kì í kéde níbí."

"Bàbá, n ò kéde. Aládùúgbò mi ni mo fẹ́ pè."

Ó gun àpáta. Kò pe gbogbo ìlú pọ̀. Orúkọ ló ń dá. "Isabelle o! Ìyá Sylvestre o! Èmi Euphrasie ni! Wọ́n ti gún mi, wọ́n ti gún Claudine, a ò kú! Ẹ rántí Léon mi. Ẹ̀yin lẹ bá mi sin ín. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá, kí a má tún sin òmíràn!"

Ẹnikẹ́ni ò yọ. Ó tún dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Isabelle ló kọ́kọ́ yọ, ó pọn ọmọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn méjì, lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́ ènìyàn. Kí oòrùn tó rọ̀, abẹ́rẹ́ kan gbogbo ilé.

Zéphirin dọ̀bálẹ̀ fún un lórí erùpẹ̀. "Ìyá, ẹ bá mi dé abúlé Tré lọ́la."

Ó bá a lọ. Ní Tré, Zéphirin jókòó jẹ́ẹ́ nínú mọ́tò títí Euphrasie fi kí gbogbo ilé tán, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà sì rọrùn níbẹ̀ ju ti abúlé Euphrasie lọ.

Nígbà tó padà, Bàbá Ignace wá bá a fúnra rẹ̀.

"Ìyá Claudine, ọ̀rọ̀ tó bá ti kan ọmọ, ìwọ ni kó o máa kéde rẹ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n n ò ní lu agogo o."

"Pẹ̀lú ohùn rẹ yìí, kí lo fẹ́ fi agogo ṣe?" ni bàbá náà dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.