Ibi Tí Rẹ́kọ́ọ̀dù Náà Ti Ń Há

Kò sí ẹni tí kò mọ orin Bàbá nílé wa. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, bí bàbá mi bá ti gbé áyọ́ọ̀nù lé jalabíà rẹ̀, orin òyìnbó kan báyìí ló máa ń bọ́ sẹ́nu rẹ̀. Orin ọkùnrin kan tó dúró nínú òjò, tó ń retí ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá dé ibi tí ọkùnrin náà ti ní "mo ń bọ̀", ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò sọ ọ́, wàrà-wàrà: mo ń bọ̀, mo ń bọ̀, mo ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fò sí ìlà tó kàn bí ẹni tó fo gọ́tà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà làwọn ọmọ mi ṣe kọ́ ọ. Àbíkẹ́yìn mi tiẹ̀ ti fi ṣe àwáwí. Bí mo bá pè é pé kó wá fọ abọ́, á ní òun ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì ní í wá. Ìyá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kò fẹ́ràn orin náà rárá. Títí tó fi kú ló ń fura pé obìnrin kan wà nídìí rẹ̀, pé ìlú Ọ̀kà lórí òkè ni obìnrin náà sì ń gbé, torí bí ọ̀rọ̀ Ọ̀kà bá ti délẹ̀, bàbá mi á kàn dìde lọ wo ewúrẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, òjò rí ọ̀nà gba òrùlé wọ yàrá bàbá mi. Èmi ni mo lọ kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbi tó ń jò. Mo máa ń bínú bí mo bá ń kó ẹrù arúgbó, torí wọn kì í da nǹkan kan nù. Mo rí ìwé ẹ̀rí, mo rí ìkòkò páànù tí kò ní ìdérí, mo rí bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún kan ṣoṣo. Nísàlẹ̀ àpótí ni mo ti wá rí páálí rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé. Àwòrán àwọn ọmọkùnrin òyìnbó mẹ́rin onírun gígùn wà lára rẹ̀, wọ́n jókòó lórí ògiri pẹ̀lú ajá kan. Kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín nínú wọn, àfi ajá náà. Mo ki ọwọ́ bọ inú páálí náà, òfìfo ni.

"Bàbá, níbo ni rẹ́kọ́ọ̀dù inú rẹ̀ wà?"

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu ojú páálí náà. "Ó ti pẹ́," ló wí.

Èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń sọ "ó ti pẹ́" fún kó lọ jókòó. Mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn. Mo tẹ orúkọ tó wà lára páálí náà sínú fóònù mi. N kò ní í kọ orúkọ ọ̀hún síbí, torí àwọn ará ìlú wọn gan-an ti gbàgbé wọn. Ẹnì kan ti gbé gbogbo orin inú rẹ́kọ́ọ̀dù náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òyìnbó kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé nígbà tó jáde, ẹnikẹ́ni kò kà á sí, àti pé àwa ayé ìsinsìnyí la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàwárí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ìkàrẹ́ níbí, ọkùnrin kan ti ń fi lọ aṣọ Jímọ̀ láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo gbé fóònù náà síwájú bàbá mi lórí àga nínú fàráǹdà, mo sì tẹ̀ ẹ́. Orin rọ́ọ̀kì gidi ni, gìtá tó ń ké, ìlù tó wúwo, ohùn ọmọkùnrin kan tó dà bíi pé ọ̀fìnkìn ń ṣe é. Bàbá mi na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó di ojú. Mo ń wò ó, inú mi sì ń dùn débi pé mo gbàgbé ọbẹ̀ mi lórí iná. Gbogbo ibi tí ìlù bá ti fẹ́ wọlé ni yóò ti gbé ìka sókè, ìlù náà á sì wọlé. Orin kẹta ni orin ọkùnrin inú òjò náà. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè, ó ń dúró. Ọmọkùnrin náà ní "mo ń bọ̀" lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá mi la ojú. "Wọ́n ti gé nǹkan kúrò ńbẹ̀."

"Bàbá, wọn ò gé nǹkan kan. Bó ṣe wà nìyẹn."

"Èyí kọ́. Èyí tó wà ní Ọ̀kà ni ojúlówó."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn náà. Nígbà tó wà ní ilé-ìwé gírámà, òyìnbó ọ̀dọ́ kan wá kọ́ wọn ní jọ́gíráfì. Nígbà tó ń padà sílùú wọn, ó fi rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ta àwọn ọmọ méjì tó fẹ́ràn jù lọ́rẹ. Ọ̀kan ni bàbá mi, ọmọ àáfà láti Ìkàrẹ́. Èkejì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ọmọ kátíkíìsì láti Ọ̀kà. Wọ́n jókòó, wọ́n pín in. Ọmọ Ọ̀kà mú rẹ́kọ́ọ̀dù, torí rẹ́díógíráàmù wà nílé bàbá rẹ̀. Bàbá mi mú páálí, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ orin sí. Báyìí, kò sí ẹni tó lè ní tòun nìkan ni. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni bàbá mi ń gbé páálí rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́, tí yóò gun òkè lọ sí Ọ̀kà.

"Nígbà tó yá, nǹkan ha rẹ́kọ́ọ̀dù náà lára," ló wí. "Ó wá ń há sójú kan, mo ń bọ̀, mo ń bọ̀, mo ń bọ̀. N kò lọ mọ́."

"Ta ló ha á?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Mo mọ nínù yẹn. Ó ní ohun tó ń pa mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo bi ọmọ Ọ̀kà kan tó wà ní ọ́fíìsì wa léèrè nípa ọ̀rẹ́ bàbá mi. Ní ilẹ̀ Àkókó wa yìí, tí èèyàn bá wá ẹnì kan fún ọjọ́ méjì tí kò rí i, ẹni náà kò sí láyé mọ́ ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, nọ́ńbà ọ̀rẹ́ bàbá mi ti dé ọwọ́ mi. Baba náà ń pariwo lórí fóònù bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òkè kejì, torí etí rẹ̀ ti di díẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi wá yé e, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó ṣì wà láyé? Sọ fún un kó gbé páálí mi wá o!"

Ní ọjọ́ Sátidé, mo fi ọkọ̀ kékeré mi gbé bàbá mi. Ó wọ fìlà tuntun, ó gbé páálí náà lé itan. Bí a ti ń gun òkè, ní ibi tí ọ̀nà ti ń yí bí ejò, ó ní kí n dúró. Mo rò pé èébì ló fẹ́ bì. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Èmi ni mo ha á," ló wí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ra búrẹ́dì lọ́jọ́ náà, ó fi òun nìkan sílẹ̀ nínú pálọ̀. Bàbá mi fẹ́ tún gbọ́ "mo ń bọ̀", ó fọwọ́ gbé abẹ́rẹ́ rẹ́díógíráàmù padà, abẹ́rẹ́ náà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fà yà lórí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó dé rẹ́díógíráàmù náà, ó jókòó. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, tó fi orin sí i, tó há, kátíkíìsì pe ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, àbúrò ọ̀rẹ́ bàbá mi, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá, torí òun ló máa ń nu rẹ́díógíráàmù láràárọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti nà án. Bàbá mi jókòó nínú pálọ̀, páálí wà lórí itan rẹ̀, ó ń ka ẹgba tó ń gbọ́. Ó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, kò sì dé ilé náà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó sọ ọ́ tán, ó ní kí n yí ọkọ̀ padà sí Ìkàrẹ́.

Inú bí mi, kí n má purọ́. Olùkọ́ ni bàbá mi fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a: òwe yìí ló ń kọ sí ojú pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wọlé. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mo fọ́ gíláàsì àtùpà, mo ní ewúrẹ́ ni.

"Bàbá, ẹgba mẹ́fà lẹ nà mí. Ẹ ní kì í ṣe nítorí gíláàsì, ẹ ní nítorí irọ́ ni. Ṣé ẹ rántí?"

"Mo rántí."

"Ṣé Ìkàrẹ́ ni kí n yí sí?"

Obìnrin tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ń wò wá. Àánú bàbá mi ṣe mí, ẹ̀rín sì ń pa mí nínú, torí pé ìyá mi kò ṣìnà pátápátá. Obìnrin kan wà nínú ọ̀rọ̀ Ọ̀kà lóòótọ́. Bàbá mi tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Máa lọ," ló wí.

Baba Ọ̀kà ti ń dúró lójú ọ̀nà. Àwọn arúgbó méjèèjì gbá ara wọn mú, fìlà tuntun já bọ́. Baba náà ń pariwo pé kí bàbá mi wò ó bó ṣe sanra, wọ́n ń na ìka sí irun funfun ara wọn. Ó ní ọwọ́ àbúrò òun ni rẹ́kọ́ọ̀dù wà, ilé rẹ̀ kò jìnnà, òun ti ránṣẹ́ pè é.

"Ìwọ náà rántí rẹ̀," ló wí. "Ẹni tó bà á jẹ́ ni!"

Màmá náà wọlé, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, ó rí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àpò ìrọ̀rí tó mọ́ nini. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi. "Bọ̀dá Ìkàrẹ́, ẹ káàbọ̀ sí ulé." Ọmọ rẹ̀ kan ti ra ẹ̀rọ kékeré tó ń lo rẹ́kọ́ọ̀dù fún un. Wọ́n gbé e lé tábìlì, orin bẹ̀rẹ̀, ó ń ta pàrà-pàrà bí epo tó ń gbóná, gbogbo wa sì ń mi orí. Nígbà tó dé orin kẹta, bàbá mi kò gbé ọwọ́ sókè.

Mo ń bọ̀, mo ń bọ̀, mo ń bọ̀.

Baba Ọ̀kà lu itan rẹ̀, ó nawọ́ sí àbúrò rẹ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyẹn o! Gbogbo Kérésìmesì ni mo ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ!"

Màmá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ti fi nǹkan kan náà bú láti kékeré. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá mi ló ń wò. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ bàbá mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó dìde, ó pa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

"Èmi ni mo ha á," ló wí. "Kì í ṣe òun. O lọ ra búrẹ́dì, mo fọwọ́ gbé abẹ́rẹ́."

Baba Ọ̀kà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín.

"Mo rí yín," ni màmá náà wí. "Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo wà. Mo sọ fún Bàbá wa. Wọ́n ní mo ń purọ́ mọ́ àlejò, wọ́n fi ẹgba mẹ́rin lé e. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ní mo ń purọ́." Ó fọwọ́ pa àpò ìrọ̀rí náà. "Nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ, mo ní kí wọ́n kó rẹ́kọ́ọ̀dù yìí mọ́ ẹrù mi. Ẹ̀yìn mi ni mo fi rà á."

Bàbá mi gbé páálí náà lé e lórí itan. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, eékún rẹ̀ sì ń dún. Màmá náà dì í mú ní èjìká.

"Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi, Bọ̀dá Ìkàrẹ́. Mo ń bọ̀, mo ń bọ̀, àádọ́ta ọdún lẹ fi ń bọ̀! Ẹ jókòó." Ó fa àga bàbá mi, ó gbé e kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orúnkún kan ara wọn. "Etí Bọ̀dá ti di. Ẹ tún un sọ."

"Èmi ni mo ha á," ni bàbá mi wí, ó gbé ohùn sókè.

"Mo ti gbọ́," ni Baba Ọ̀kà wí, ojú ń tì í. "Àbúrò mi, mo ti gbọ́ o."

"Ẹ tún un sọ," ni màmá náà wí.

Bàbá mi tún un sọ. Màmá náà di ojú, ó gbá páálí náà mọ́ra, ó sì ń mi orí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.