Àwo Kejì Lórí Tábìlì Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nínú kíṣìnì ara mi fún yín. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o!

Tómi, ọmọbìnrin àbúrò mi ọkùnrin, ló ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Stone Mountain nílùú òyìnbó níbí. Ilé-ìwé rẹ̀ wà lápá West End. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni bàbá rẹ̀ ní kó wá kọ́, torí nọ́ọ̀sì lèmi náà. Àfi bí ọmọ ṣe ní fíìmù lòun fẹ́ kọ́! Inú bí àbúrò mi. Ó pè mí láti Ìbàdàn pé kí n bá òun yí i lọ́kàn padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa bọ̀ nílé. Mo sì ṣèlérí fún un. Àbí, ta ni fíìmù fẹ́ bọ́ nílùú tí bill kì í dúró de ẹnikẹ́ni?

Ní Sátidé kan tí mi ò ní shift, Tómi kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Tíṣà wọn ní kí kálukú ya ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù tó ń já ni láyà, ìṣẹ́jú méjì péré. Èmi ló fẹ́ kí n ṣeré nínú ẹ̀! Obìnrin kan tó ń dá gbé fi àwo kan ṣoṣo sílẹ̀ lórí tábìlì láàárọ̀. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń mu omi, ó yíjú, ó bá àwo méjì. Ó tán.

Mo ní ṣé ìyẹn náà ni fíìmù? Ìbọn dà?

Ọ̀sán gangan ni o, ó fa kọ́tìnì bo gbogbo fèrèsé. Ó yọ wáyà fíríìjì mi, ó ní ariwo rẹ̀ á wọnú kámẹ́rà. Ẹja mi ńkọ́?

Nígbà tí mo yíjú rí àwo kejì, mo pariwo "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", mo sì nawọ́ gán òróró àdúrà. Ó ní ká tún un ṣe. Mo tún pariwo. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Ta ló máa rí irú ẹ̀ tí kò ní pe Jésù?

Ọmọ náà rọra di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Aunty mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Ẹni tó ń wò wá ló yẹ kó pariwo." Ó ṣàlàyé pé òun máa kọ́kọ́ fi àwo kejì han òǹwòran nígbà tí mo ṣì kẹ́yìn sí i. Kò ní sí orin rárá. Òǹwòran á ti mọ ohun tí èmi ò mọ̀, ọkàn rẹ̀ ò sì ní balẹ̀ títí màá fi yíjú. Kí ife kàn dúró lẹ́nu mi, ibẹ̀ lòun máa gé e. Kò fi bẹ́ẹ̀ yé mi, àmọ́ mo pa ẹnu mọ́ bó ṣe wí.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ní kí n wá wò ó. Èmi tí mo fọ àwo yẹn fúnra mi! Kámẹ́rà rọra ń sún mọ́ ẹ̀yìn mi, kò sí ariwo kankan ju ti omi tí mò ń gbé mì lọ. Ni mo bá rí àwo kejì. Àyà mi já! Mo kígbe sí ara mi, "Yíjú padà, ìwọ obìnrin yìí!"

Tómi ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ nìyí, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì wò ó rí lẹ́ẹ̀kan.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo pe bàbá rẹ̀ lórí fídíò. Mo jẹ́wọ́ fún un pé mi ò lè jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi mọ́. Inú ti fẹ́ máa bí i. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fún ọmọ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì. Mo kọjú fóònù sí kọ̀ǹpútà, ó ń wò.

Nígbà tó tán, ó sún mọ́ fóònù rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá béèrè pé, "Ta ló wà nínú ilé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi?"

Tómi ní, "Dádì, èmi náà ò tíì mọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo ṣe."

Bàbá rẹ̀ ní, "Jókòó síbẹ̀ kí o parí ẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀." Ọmọ náà bú sẹ́kún, èmi náà ò lè mú un mọ́ra.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká máa wo iṣẹ́ ọmọ ká tó sọ pé kì í ṣe iṣẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọmọ wo ló ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pa yín lẹ́nu mọ́ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo ẹ̀ ni màá kà!