Òní Ọjọ́ Márùn-ún ní Adágún Ìrẹsà

Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Ní Sàró ni mo ti kàwé dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìṣirò ni mo sì kọ́ níbẹ̀ kí n tó padà wá bá ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò mọ òǹkà.

Àwọn ará Ìrẹsà fẹ́ ya omi adágún tí wọ́n fi òkìtì sé, kí wọ́n lè kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kí òjò tó dé. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹja tí ọwọ́ ẹni bá bà, tirẹ̀ ni. Àwọn òbí ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ sì ń bọ̀ wá wò mí. Ìyá mi ti ránṣẹ́ sí wọn: "Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ni yóò pa ẹja àrọ̀ tí ẹ ó jẹ." N kò rán ìyá mi níṣẹ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dá ọjọ́: "Òní ọjọ́ márùn-ún, ká pàdé níbẹ̀."

Mo ní n ó kọ́kọ́ lọ ra ìwọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. Ìyàwó wọn bú sẹ́rìn-ín: "Ẹja tó ń ta pọ́ún nínú ẹrẹ̀, akọ̀wé fẹ́ fi okùn fà á!"

Mo lọ, mo rà á, mo gba ọ̀nà oko padà tààrà sí Ìrẹsà. Lékeléke nìkan ni mo bá nínú ẹrẹ̀, àti bàbá àgbẹ̀ kan tó ń tún òkìtì mọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Àwọn apẹja dà?"

"Àná ni. Wọ́n ti lọ sè é jẹ."

"Òní ló pé ọjọ́ márùn-ún!" Mo kà á lórí ìka fún wọn, láti ọjọ́ kejì ọjọ́ tí a dá a.

"Ọjọ́ tí ẹ dá a gan-an ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Mo ṣàlàyé pé ọjọ́ tó ti ń lọ kò ṣeé kà. Wọ́n gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa ṣàlàyé, kí n máa fi kó ẹrẹ̀.

Mo délé lọ́wọ́ òfo. Àwọn àna ti ń lá ọwọ́. Ìyá mi ti wọ adágún lánàá, wọ́n kó àrọ̀ mẹ́fà. Wọn kò rán ẹnikẹ́ni wá mi.

"Ẹni tó pa á dé!" ni ìyá mi fi kí mi.

Bàbá ọmọbìnrin náà wo ẹrẹ̀ tó bò mí dé orúnkún, wọ́n mi orí. "Akọ̀wé tí kì í sá fún iṣẹ́!"

Irọ́ pọ́nńbélé ni, mo sì la ẹnu láti tún un ṣe. Ìyá mi ki orí àrọ̀ bọ̀ mí lẹ́nu. Kí n tó yọ eegun rẹ̀ tán, wọ́n ti fún mi níyàwó.