Kòkó Bàbá Mi Lẹ́yìn Bosso

Òórùn koríko jíjó ni Minna máa ń rùn nígbà ọyẹ́. Bí o bá ti gbé ibẹ̀ rí, wàá mọ ohun tí mò ń sọ. Kò dà bí òórùn igi ìdáná. Ó fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì máa ń wọnú aṣọ tó wà lórí okùn, débi pé èyí tí a fọ̀ láàárọ̀ á ti gbóòórùn èéfín kí ó tó gbẹ. Eérú dúdú a máa já bọ́ láti òkè sínú àwo oúnjẹ wa, a ó fi ìka mú un kúrò, a ó sì máa jẹun wa lọ. Àwọn ọdẹ ń sun igbó kí ọ̀yà lè sá jáde, àwọn darandaran ń sun ún kí koríko tútù lè hù fún màlúù, kò sì sẹ́ni tó ka èéfín sí nǹkan bàbàrà. Èmi tiẹ̀ fẹ́ràn òórùn náà gan-an, títí di ọ̀sán Sátidé kan tí iná kọrí sí oko tiwa.

Bàbá mi wà lára àwọn akọ̀wé ìjọba tó ṣí wá nígbà tí Minna ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀. Ilé gbígbé wọ́n bí ojú nígbà náà. Yàrá kan ṣoṣo ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin há sí ní Tudun Wada, bàbá, màmá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi, tí àwọn tó ń jó irin ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé wa láti àárọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀. Nígbà tí baálẹ̀ abúlé Gwari kan fún bàbá mi ní ilẹ̀ lẹ́yìn Bosso, inú wa dùn kọjá sísọ. Má wo Bosso òde òní tí kẹ̀kẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kún fọ́fọ́. Nígbà yẹn, bí o bá ti kọjá àwọn ilé díẹ̀ kan, koríko tó ga ju èèyàn lọ ló kù, àti igi igbá lọ́kọ̀ọ̀kan. A fi amọ̀ kọ́ ilé oníyàrá méjì síbẹ̀, a fi koríko bo òrùlé rẹ̀, bàbá mi sì ní tó bá yá, páànù á gorí rẹ̀. Ọdún kìíní, àrùn gbá gbogbo adìẹ wa lọ. Ọdún kejì, ikán jẹ ilẹ̀kùn, ó sì jẹ àpótí aṣọ màmá mi mọ́ ọn. Ọdún kẹta ni iṣu tó ta dáadáa, tí adìẹ tún ń yé, tí àwa ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ibẹ̀ ní ilé.

Ọmọ olóko kòkó ni bàbá mi, ní Oǹdó, níbi tí igbó ti ṣú débi pé oòrùn kì í rí ilẹ̀. Ọmọ Ṣakí ni màmá mi, ọmọ inú ọ̀dàn, olùkọ́ ni pẹ̀lú, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì bí kò bá nídìí. Ìgbà kan tí bàbá mi lọ sílé, ó di ọmọ kòkó sínú àpò tútù, ó gbé e lé itan láti Oǹdó títí dé Minna, bí ẹni gbé ìkókó. Ó gbìn wọ́n sí orí oko, lódìkejì ọ̀nà tóóró tí a ń gbà lọ pọnmi. Ó fi koríko gíga sílẹ̀ yí wọn ká kí oòrùn má bàa pa wọ́n. Láràárọ̀, kí ó tó wẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó ti bomi rin wọ́n. Baálẹ̀ wá wò wọ́n lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mene ne wannan?" Kí nìyí? Bàbá mi, tí gbogbo Hausa rẹ̀ kò kún ìkòkò, gbé àyà jáde, ó ní, "Kudi ne." Owó ni. Baálẹ̀ wo ewé wẹ́wẹ́ náà, ó wo bàbá mi, ó sì kí wa pé sai an jima, ìyẹn ni pé ó dàbọ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá.

Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Bí òjò ṣe dáwọ́ dúró ló ti sọ ọ́: "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká ro koríko yẹn dànù. Ibẹ̀ niná ẹ̀ẹ̀rùn máa gbà wọlé wá bá wa."

"Igbó tútù niná á máa jó? Nílé wa, bí a kò bá ṣán an kó gbẹ, kò lè jó."

"Oǹdó lẹ̀ ń sọ yẹn. Minna la wà."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi di ìjà. Níkẹyìn ni màmá mi sọ gbólóhùn tó dá èmi lóró jù: bí oko yìí bá tún bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dún yìí, òun á kó àwa ọmọ lọ sí Ṣakí. Kì í ṣe ìhàlẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti wádìí ilé ẹ̀kọ́ tí a máa wọ̀ níbẹ̀. Mi ò fẹ́ lọ. Hausa ló dùn lẹ́nu mi ju Yorùbá lọ, gbogbo ọ̀rẹ́ mi wà ní Minna, ìlú tí mi ò mọ rárá sì ni Ṣakí jẹ́ fún mi. Látìgbà náà ni mo ti ń wo oko yẹn bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.

Lọ́sàn-án Sátidé tí mò ń wí, a ti wa iṣu, a ti dè é sínú àká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Obìnrin Gwari kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó gbé igi ìdáná lé èjìká gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń gbé ẹrù. Lójijì ó sọ igi náà kalẹ̀, ó ń ké, "Wuta! Wuta na zuwa!" ó sì gba abúlé wọn lọ. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀: "Màámi, ó ní iná ń bọ̀!" A gbójú sókè. Èéfín ti dí òkè níwájú wa, àwọn àṣá ń yí po lórí rẹ̀, wọ́n ń ṣa tata tó ń sá fún iná. Ọ̀dọ̀ wa gan-an ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ sí. Kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ ọ, páá, páá, bí ìgbà tí èèyàn ń fọ́ igi gbígbẹ.

Bàbá mi pàṣẹ kí a kó ẹrù síta. Òun fúnra rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì omi, mo rò pé orí òrùlé ni yóò dà á sí. Ó sáré kọjá ilé, ó kọjá àká, ó lọ ń da omi sídìí kòkó. Màmá mi dúró, ó wò ó. Ó wọ ilé ìdáná, ó sì jáde pẹ̀lú pòròpórò ọkà bàbà tó ti gbaná lórí. Ó gba ojú ọ̀nà omi lọ, ó dojú kọ koríko bàbá mi.

Bàbá mi na apá méjèèjì. "Ṣé orí rẹ pé báyìí?"

"Bí èyí tó ń bọ̀ yẹn bá fi rí koríko yìí gùn, òrùlé ló kàn. Ẹ jẹ́ kí tiwa lọ pàdé rẹ̀."

"Kòkó mi ńkọ́?"

Ẹ̀rù bà mí bí ẹ̀rù ò ṣe bà mí rí. Mo ń bẹ̀rù iná, mo ń bẹ̀rù kí bàbá mi má gbá a létí, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù Ṣakí. Ooru ti ń ta mí lójú. Màmá mi wá fi ọwọ́ kejì nà wá sí i, ó ní, "Àwọn ọmọ yín rèé."

Bàbá mi yíjú wò wá. Ẹ̀gbọ́n mi há adìẹ sí abíyá ọ̀tún àti tòsì, èmi gbá ìkòkò ọbẹ̀ mọ́ra bíi pé òun ló ṣọ̀wọ́n jù nínú ilé. Mi ò mọ ohun tó rí lójú wa. Ó gba pòròpórò náà lọ́wọ́ màmá mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń fi iná ọ̀hún kan koríko lẹ́bàá ọ̀nà, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Kò fo ibi tí kòkó wà.

Bí ó ti gbaná tán ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń ti iná tiwa padà sí wa, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ koríko lọ síwájú, ẹ̀ta rẹ̀ sì ń fò kọjá orí wa. Ewé tútù la fi ń gbá a mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀ta kan bà sórí òrùlé, ẹ̀gbọ́n mi gun ògiri, màmá mi ju àpò tútù sí i, ó fi pa á. Òmíràn bà sórí àká, bàbá mi fi ọwọ́ lásán bù ú dànù, àpá rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí ó fi dolóògbé. Nígbà tí iná ńlá náà dé, ó ga ju igi igbá lọ lójú èmi ọmọdé, mo sì dijú. Iná méjèèjì pàdé pẹ̀lú ariwo kan ṣoṣo. Nígbà tí mo lajú, kò sí koríko tí èyíkéyìí nínú wọn lè jẹ mọ́. Ilẹ̀ dúdú ló wà níwájú wa, ilé wà lẹ́yìn wa, iṣu wà nínú àká.

Kò sẹ́ni tó hó ìhó ayọ̀. Bàbá mi lọ dúró sáàárín eérú fún ìgbà pípẹ́, ó ń fi ẹsẹ̀ tú u. Nígbà tó padà dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní, "Bí o bá fẹ́ kó wọn lọ sí Ṣakí, mi ò ní dá ọ dúró mọ́." Màmá mi ń fọ ojú mi lọ́wọ́ nígbà náà. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó na ọwọ́ sí ọwọ́ bàbá mi tó jóná, ó ní, "Ẹ mú un wá." Ó sì ń fi òrí pa á.

Nígbà tí òjò rọ̀, màmá mi ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́. Ẹ̀pà ló gbìn sí ibi tí iná jó, bàbá mi sì ń bá a ro ó láìbéèrè ohunkóhun. A kò lọ sí Ṣakí. Ibẹ̀ ni a dàgbà sí, páànù gorí ilé, ìlú sì wá bá wa nínú oko. Fún ọdún púpọ̀, mo gbà pé iṣu inú àká ló mú màmá mi dúró. Ó ṣe tán, ohun tó sọ ni pé bí oko bá bàjẹ́ lòun á lọ, oko kò sì bàjẹ́. Ìgbà tí èmi náà ti lọ́kọ, tí ọkọ mi fẹ́ ká ṣí lọ sí ìlú tí mi ò fẹ́, ni mo tó bi í pé kí ló dé tí kò lọ.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ náà rò pé iná ni mò ń sá fún? Látìgbà tí a ti dé Minna, èmi àti ẹ̀yin ọmọ nìkan là ń gbé ibẹ̀. Oǹdó ni bàbá yín ń gbé. Ọjọ́ tó gba pòròpórò yẹn lọ́wọ́ mi ló kó wá bá wa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, ṣé òun ni mo tún máa fi sílẹ̀ lọ?"